Nígbà tí Pẹ́dàlì Gìtá Kò Bá Gbọ́ Ara Wọn Yé: Ìlànà Wíwádìí Àbùkù Àjọṣe láàrin Wọn

Àsamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ohun tó ń fa ariwo àti ìdàrú ìró láàrin àwọn pẹ́dàlì tí onígìtá máa ń tò sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi hàn pé lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí pẹ́dàlì kan pàtó tó bàjẹ́. Àjọṣe ọ̀kan sí èkejì ni ó ní àbùkù. Ọ̀nà mẹ́ta ni a pín okùnfà náà sí: bí a ṣe tò wọ́n, iná tí wọ́n jọ ń pín, àti wáyà tó so wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ náà gbé ìlànà ìwádìí kan kalẹ̀, ó fi àpẹẹrẹ ẹgbẹ́ akọrin kan ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, tú u palẹ̀, ó sì kìlọ̀ nípa àtúnṣe kan tó lè gba ẹ̀mí. Ní ìparí, ó tọ́ka sí àǹfààní tó wà níbẹ̀ fún olùkọ́ orin àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì.

1.0 Ìfáàrà

Ó ti pẹ́ tí gìtá ti di ara orin Yorùbá. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè, ọ̀kan lára àwọn àgbà olórin jùjú, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ gbé ohùn gìtá rẹ̀ sókè kí ó má bàa rì sábẹ́ ìlù. Láti ìgbà náà ni ohùn iná ti wọ inú jùjú. I. K. Dáíró, Ebenezer Obey àti King Sunny Adé sì gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n sì mú un gbòòrò sí i. Nígbà tí Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde ní 1982, gìtá onírin tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta wà lára ohun tí àwọn ará òkè òkun kọ́kọ́ gbọ́ nínú orin náà.

Ó yẹ kí ìyàtọ̀ kan hàn níbí. Pẹ́dàlì tó wà lábẹ́ irú gìtá onírin bẹ́ẹ̀ ń fa okùn gìtá le tàbí dẹ̀ ẹ́, kí ohùn lè gòkè tàbí kí ó sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe irú pẹ́dàlì yẹn ni iṣẹ́ yìí ń sọ. Àpótí kékeré tó ń yí ìró gìtá padà lẹ́yìn tí ìró náà ti di iná ni à ń sọ: èyí tó ń mú ohùn ha, èyí tó ń mú un dún bí ẹni ń sunkún, àti èyí tó ń dá ohùn padà bí ìgbà tí ènìyàn bá pariwo lábẹ́ àpáta.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ohun èlò wọ̀nyí kò ṣàjèjì. Ìlú náà ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìsìn ti Ìjọ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898, wà. Orin ìjọ sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Takie, oríta tí èrò ti ń wọ́ láàrin ìlú náà, kò jìnnà sí ilé ìjọsìn, ilé ìtajà àti ibi ìnáwó tí ẹgbẹ́ akọrin ti ń ṣeré. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé, nígbà tí ariwo bá bẹ̀rẹ̀ láàrin pẹ́dàlì, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni pé ọ̀kan ti bàjẹ́. Onígìtá a ta èyí tó dára ní ọ̀pọ̀, a fi owó ra òmíràn, ariwo náà a sì tún bẹ̀rẹ̀. Àpò ti gbẹ, àìsàn kò tíì kúrò.

2.0 Ohun tí Pẹ́dàlì Ń Ṣe sí Ìró

Nígbà tí okùn gìtá bá gbọ̀n, mágnẹ́ẹ̀tì àti wáyà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí a wé mọ́ ọn lábẹ́ okùn náà ń sọ gbígbọ̀n yẹn di iná. Iná yìí kéré jọjọ, agbára rẹ̀ kò sì pọ̀. Òun ni ó ń gba inú wáyà wọ pẹ́dàlì kìíní, tí ó jáde wọ èkejì, títí tí yóò fi dé áńpílífáyà àti sípíkà. Nínú iṣẹ́ yìí, iná náà ni à ń pè ní ìró oníná.

Ohun méjì ni pẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ó ń yí ìró padà bí ẹni tó ṣe é ṣe fẹ́. Ó sì tún ń di ẹrù lé ohun tó ṣáájú rẹ̀, nítorí pé pẹ́dàlì gbọ́dọ̀ fa iná díẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀ kí ó tó lè gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ìwọ̀n tí ẹnu àbáwọlé pẹ́dàlì fi ń dá iná dúró ni à ń pè ní ìdènà, ohm sì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ìdènà ẹnu àbáwọlé bá ga, bí 1,000,000 ohm, ẹrù tó ń dì léni fúyẹ́. Bí ó bá kéré, bí 10,000 ohm, ẹrù náà wúwo, ìró tó ṣáájú a sì rẹ̀ ẹ́. Ìyàtọ̀ yìí ni gbòǹgbò ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a óò sọ.

3.0 Okùnfà Àìgbọ́raẹniyé

3.1 Bí a ṣe tò wọ́n

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Pẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan ní ipò tó bá ìwà rẹ̀ mu. Àpẹẹrẹ tó hàn jù ni ti fuzz, pẹ́dàlì tó ń mú ohùn ha gan-an. Fuzz Face, tí ó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1966, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀lé e fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ìdènà ẹnu àbáwọlé irú fuzz bẹ́ẹ̀ kéré, nítorí náà ó fẹ́ kí gìtá fúnra rẹ̀ wà níwájú òun. Bí ó bá rí gìtá tààrà, onígìtá lè dín ohùn kù lára gìtá kí híha náà sì rọlẹ̀. Bí a bá fi pẹ́dàlì mìíràn dí àárín wọn, ohùn fuzz náà lè di ṣákaṣàka, ìrọ̀rùn yẹn a sì sọnù.

Wah-wah, pẹ́dàlì tí a ń fi ẹsẹ̀ mì síwá sẹ́yìn, kò fẹ́ràn kí irú fuzz bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn òun. Ẹrù fuzz máa ń wúwo fún un: mímì ẹsẹ̀ kò ní í mú ìyípadà wá bó ti yẹ, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ àwọn méjèèjì a jọ máa hu bí ìfé láìsí ẹni tó ta gìtá. Bí a bá gbọ́ wah-wah nìkan, ó dára. Bí a bá gbọ́ fuzz nìkan, ó dára. Ìgbà tí wọ́n pàdé ni ìjà bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ipò tún kan delay, èyí tó ń dá ohùn padà. Bí delay bá ṣáájú pẹ́dàlì tó ń mú ohùn ha, gbogbo ohùn tó ń padà wá ni yóò ha pọ̀, tí wọn yóò sì lẹ̀ mọ́ra. Bí ó bá tẹ̀lé e, ohùn tó ti ha tán ni yóò máa padà, ketekete. Bákan náà, pẹ́dàlì tó ń gbé ìró sókè kì í mọ ìyàtọ̀ láàrin orin àti ariwo. Gbogbo ariwo kékeré tó bá ṣáájú rẹ̀ ni ó ń sọ di ńlá.

3.2 Iná tí wọ́n jọ ń pín

Púpọ̀ nínú pẹ́dàlì ń lo iná 9 fóltì, láti inú bátìrì tàbí láti ara adápítà. Àwọn onígìtá fẹ́ràn adápítà kan tó ní ẹnu wáyà púpọ̀, nítorí pé ó dín ìnáwó kù. Àmọ́ àwọn tó ń jẹ nínú àwo kan ń gba ohun tó wà lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀nà mẹ́ta ni wàhálà fi ń ti ibẹ̀ wọlé.

Èkíní ni àìtó. Wọ́n máa ń kọ iye iná tí pẹ́dàlì ń fà sí ara rẹ̀ tàbí sínú ìwé rẹ̀, ní mA. Fuzz tàbí pẹ́dàlì híha mìíràn lè má fa ju mA díẹ̀ lọ, nígbà tí delay tó ń lo kọ̀ǹpútà kékeré nínú rẹ̀ lè fa ọ̀pọ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá mA, tàbí kí ó kọjá 100. Bí àròpọ̀ wọn bá ju ohun tí adápítà lè gbé lọ, fóltì a wálẹ̀, ìkùn a sì bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni ariwo láti inú pẹ́dàlì oníkọ̀ǹpútà. Irú pẹ́dàlì bẹ́ẹ̀ ń ka iye àìmọye ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìkà yẹn a sì máa jò sínú wáyà iná tí gbogbo wọn jọ ń lò. Bí pẹ́dàlì híha bá wà lórí wáyà kan náà, ó lè gbé jíjò yẹn sókè di ìfé tín-ín-rín tí kì í dákẹ́. Bí irú pẹ́dàlì méjì bá sì wà níbẹ̀, tí ìkà wọn sún mọ́ra ṣùgbọ́n tí kò dọ́gba, ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìkà méjèèjì ni etí lè gbọ́ bí ohùn.

Ẹ̀kẹta ni ìdàkejì iná. Díẹ̀ nínú fuzz àtijọ́, àti àwọn tí a ṣe bíi tiwọn, ni ọwọ́ rere bátìrì wọn so mọ́ ara àpótí, nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ òdì ni ti àwọn yòókù so mọ́ ọn. Bí a bá fi adápítà kan ṣoṣo so irú méjèèjì pọ̀, iná yóò pàdé ara rẹ̀. Adápítà tàbí pẹ́dàlì lè jóná. Irú fuzz bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní bátìrì tàbí adápítà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

3.3 Wáyà tó so wọ́n pọ̀

Wáyà náà ní ìwà. Wáyà gìtá máa ń fi díẹ̀díẹ̀ gbé ohùn òkè, ìyẹn ohùn tín-ín-rín, mì. Bí ó bá ṣe gùn tó ni èyí ń pọ̀ tó. Bí gìtá bá ń ti ìró rẹ̀ gba mítà 10 wáyà kọjá láìsí ìrànlọ́wọ́, ohùn rẹ̀ a rì bí ẹni fi aṣọ bo sípíkà. Ìrànlọ́wọ́ náà wà nínú ẹ̀yà alárinà tó ń gba ìró láìdi ẹrù léni, tí ó sì ń fi agbára tì í jáde. Bọ́fà ni àwọn onígìtá ń pè é. Ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì ní bọ́fà nínú, àwọn kan kò ní. Ẹni tí gbogbo pẹ́dàlì rẹ̀ kò ní bọ́fà lè rò pé gìtá òun ló ti darúgbó, nígbà tí ó jẹ́ pé wáyà gígùn ló ń jẹ ohùn rẹ̀. Síbẹ̀, bọ́fà kan náà tó wo èyí sàn ni yóò ba fuzz jẹ́ bí a bá fi ṣáájú rẹ̀. Oògùn ibì kan ni májèlé ibòmíràn.

Ìkùn tún wà tó ń ti ara wáyà ẹ́ẹ̀tì wá, ìyẹn wáyà tó so ara ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀. Bí a bá so gìtá mọ́ áńpílífáyà, tí a tún so ó mọ́ ẹ̀rọ àpapọ̀ ohùn tí makirofóònù ń lò, tí ẹ̀rọ méjèèjì sì ń gba iná ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀nà méjì ti wà sínú ilẹ̀. Wáyà náà a wá di òrùka, òrùka yìí ni iná ilé a máa yí po. Níwọ̀n ìgbà tí iná Nàìjíríà ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìkùn rẹ̀ a máa rinlẹ̀ bíi ti oyin nínú àgbá.

4.0 Ìlànà Ìwádìí

Àbá tó máa ń ṣiṣẹ́ ni kí a má ṣe yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ìgbésẹ̀ náà nìyí:

(i) Kí a so gìtá mọ́ áńpílífáyà tààrà, láìsí pẹ́dàlì kankan. Bí ìkùn bá wà síbẹ̀, tí ó sì ń pọ̀ tàbí dín kù bí onígìtá ṣe ń yí ara rẹ̀ padà, gìtá ló ń gba ariwo láti inú afẹ́fẹ́, lára gílóòbù onígi-gígùn tàbí ẹ̀rọ mìíràn nítòsí. Pẹ́dàlì kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

(ii) Kí a fi pẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan sí i ní òun nìkan, kí ó lo bátìrì bí ó bá gbà á, kí a gbọ́ ọ nígbà tí ó wà ní pípa àti nígbà tí ó wà ní títàn. Èyí tó bá pariwo níbí ni ó ṣeé ṣe kí ó bàjẹ́ lóòótọ́.

(iii) Bí gbogbo wọn bá yege, kí a pín wọn sí méjì, kí a gbọ́ apá kìíní, kí a sì gbọ́ apá kejì. Bí apá kan bá pariwo, kí a tún pín in. Pẹ́dàlì mẹ́jọ kò ní í gbà ju ìpín mẹ́ta lọ.

(iv) Bí apá méjèèjì bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí ariwo sì padà nígbà tí a dà wọ́n pọ̀, ìyẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdáhùn. Ó fi hàn pé àjọṣe láàrin ẹni kan ní apá ọ̀tún àti ẹni kan ní apá òsì ni ẹjọ́ wà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù sùúrù, ibí gan-an sì ni ìwádìí ti ń so èso.

(v) Kí a wá yí iná padà: kí a fún ẹni tí a fura sí ní bátìrì. Bí ariwo bá lọ, iná àjọpín ni okùnfà. Bí kò bá lọ, kí a pàrọ̀ ipò wọn. Bí èyí náà kò bá tó, kí a pàrọ̀ wáyà.

(vi) Kí a kọ èsì ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Etí a máa gbàgbé, ìwé kì í gbàgbé.

5.0 Àpẹẹrẹ: Ẹgbẹ́ Akọrin kan ní Takie

Kí a fi ojú inú wo ẹgbẹ́ kan tó ń palẹ̀ mọ́ fún ìnáwó ní àdúgbò Takie. Onígìtá wọn to pẹ́dàlì mẹ́rin báyìí: wah-wah, fuzz, chorus, delay oníkọ̀ǹpútà. Adápítà kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo wọn. Fuzz náà jẹ́ ti ìgbàlódé tí ọwọ́ òdì rẹ̀ so mọ́ ara àpótí, nítorí náà kò sí ewu ìdàkejì iná. Ẹ̀sùn méjì ni ó wà nílẹ̀: ìfé tín-ín-rín kan ń dún ṣáá nígbà tí fuzz bá wà ní títàn, wah-wah kò sì fẹ́ yí ohùn padà mọ́. Àbá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó ju fuzz náà nù.

Ó gbọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: gbogbo wọn yege. Ó gbọ́ wah-wah àti fuzz nìkan lórí adápítà yẹn: ìfé ti lọ, ṣùgbọ́n wah-wah ṣì ń ṣe bí arọ. Ó gbọ́ chorus àti delay nìkan: ìfé kò sí. Ó da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀: ìfé dé. Èyí fi hàn pé ẹ̀sùn méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ìfé náà nílò delay tó ń jò àti fuzz tó ń gbé jíjò náà sókè. Bí ọ̀kan kò bá sí, kò sí ìfé. Ti wah-wah kò kan delay rárá, ẹrù fuzz ni.

Ó fún fuzz ní bátìrì tirẹ̀, ìfé dákẹ́. Ó gbé fuzz ṣáájú wah-wah, wah-wah jí, fuzz pàápàá tún dún dáadáa sí i nítorí pé ó ti rí gìtá tààrà. Owó bátìrì kan ni gbogbo àtúnṣe náà ná an. Fuzz kì í fa iná púpọ̀, nítorí náà bátìrì yóò pẹ́, bí ó bá rántí láti máa yọ wáyà gìtá kúrò lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn eré. Wáyà yẹn ni ó ń tan ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì sílẹ̀.

6.0 Àtúnṣe tí Kò Yẹ kí Ẹnikẹ́ni Ṣe

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà tí àwọn kan fi ń pa ìkùn òrùka ẹ́ẹ̀tì: wọn a gé wáyà ẹ́ẹ̀tì kúrò nínú púlọ́ọ̀gì áńpílífáyà. Ìkùn náà lè lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààbò onígìtá bá a lọ. Wáyà ẹ́ẹ̀tì ni ó ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀ bí wáyà inú ẹ̀rọ bá já kan ara irin. Bí kò bá sí mọ́, ara onígìtá tó di okùn irin mú, tí ẹnu rẹ̀ sì kan makirofóònù, ni iná 230 fóltì yóò gbà kọjá. Ní 1972, ní ìlú Swansea ní ilẹ̀ Wales, Les Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, kú lórí ìtàgé nígbà tí ó fọwọ́ kan makirofóònù tí kò ní ẹ́ẹ̀tì tó péye. Ewu náà kò dín kù nílẹ̀ yìí, níbi tí ọ̀pọ̀ ìnáwó ti ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹnikẹ́ni kò so mọ́ ilẹ̀.

Ọ̀nà tó dára ni kí gbogbo ẹ̀rọ orí ìtàgé máa gba iná láti ojú kan náà, kí òrùka má bàa tóbi. Bí ìkùn bá ṣì kù, àpótí DI tó ní bọ́tìnì ìyọ-ẹ́ẹ̀tì lè já òrùka náà lójú ọ̀nà ìró, láìfọwọ́ kan ẹ́ẹ̀tì iná ilé. Ìyàtọ̀ láàrin àwọn méjèèjì ni ìyàtọ̀ láàrin ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti ikú.

7.0 Àǹfààní fún Olùkọ́

Ẹ̀kọ́ yìí kò pin sọ́dọ̀ onígìtá. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè fi bátìrì, pẹ́dàlì méjì àti áńpílífáyà kékeré kan kọ́ àwọn ọmọ ní ìdènà, fóltì àti ààbò iná, kí etí wọn sì jẹ́rìí sí ohun tí ìwé sọ. Olùkọ́ orin lè fi ṣe àfiwé àgbájọ ìlù dùndún: gúdúgúdú kì í gba ipò ìyáàlù, bẹ́ẹ̀ ni a kì í dá ìlù kan lẹ́bi kí a tó gbọ́ bí ó ṣe ń bá àwọn yòókù dún. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ láti yí ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan, láti kọ èsì sílẹ̀, àti láti má ṣe dájọ́ kí ó tó gbọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí. Ìwà ìwádìí nìyẹn, ibi yòówù tí a bá lò ó.

8.0 Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àbùkù láàrin pẹ́dàlì gìtá sábà máa ń jẹ́ ti àjọṣe ju ti ẹnì kan lọ, pé ipò, iná àti wáyà ni ojúkò mẹ́ta tó yẹ kí a wò, àti pé ìdákẹ́ apá méjì tó bá pariwo nígbà tí wọ́n pàdé jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára. Ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ tó ní ẹ̀ka orin fi ìlànà yìí sínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àfojúrí wọn, pẹ̀lú ìkìlọ̀ ẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.